Ẹ̀yáwó Akẹ́kọ̀ọ́ Yẹ Kó Ní Ààlà

Sí Olóòtú,

Láti ìgbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìṣirò tí ìdílé ń ṣe kí ọmọ tó wọ yunifásítì ti yí padà. Àjọ NELFUND, tó ń bójú tó ẹ̀yáwó náà, ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba láìgba èlé, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní 20,000 náírà lóṣù láti fi gbọ́ bùkátà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà kì í pẹ́ tán lọ́wọ́ ẹni tó ń ra oúnjẹ lójoojúmọ́.

Ìsanpadà ló ń kọ mí lóminú. Ní ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, agbanisíṣẹ́ ni yóò máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó-oṣù ẹni tó yáwó. Olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì, tí owó wọn hàn kedere nínú ìwé, kò ní ibi tí wọ́n lè gbà. Oníṣòwò tí kò ní ìwé ìṣirò kò rọrùn láti mú, bẹ́ẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jọ lọ.

Òfin owó-orí tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, kò gba kọ́bọ̀ lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí lọ́dún. Kí ló dé tí àwọn aṣòfin kò fi irú ààlà yìí sí owó ẹ̀yáwó tí wọ́n ń yọ?

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé kan ní Ìbàdàn