Ọmọ Tí Kò Fìdí Rẹmi, Wọ́n Ní Kó Tún Kíláàsì Kà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde, torí inú ń bí mi. Lẹ́yìn ìdánrawò ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kóòṣì ẹgbẹ́ lacrosse (eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá onínẹ́ẹ̀tì ju bọ́ọ̀lù) tí ọmọ mi ń gbá fún pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n jẹ́ kí ọmọ náà tún kíláàsì kẹjọ kà. Mo ní kí ló dé, ṣé ó fìdí rẹmi ni? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá o, èsì rẹ̀ dára gan-an, ara rẹ̀ ni kò tíì tó. Tó bá fi ọdún kan kún un, yóò ga, yóò lágbára, ojú àwọn kóòṣì yunifásítì yóò sì tó o.

Nílé tiwa, bí ọmọ bá tún kíláàsì kà, ìyá rẹ̀ kì í fẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́. Níbí, ńṣe ni wọ́n ń fi í yangàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọkùnrin nínú eré yìí ní Maryland mọ bó ṣe rí. Àwọn kílọ́ọ̀bù kì í fi ọjọ́ orí pín ọmọ. Ọdún tí ọmọ yóò jáde ní girama ni wọ́n ń wò: ẹgbẹ́ 2030, ẹgbẹ́ 2031. Ọmọ 2030 tó bá tún kíláàsì kà ti di ọmọ 2031 nìyẹn, ó ti bọ́ sáàárín àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹ lọ sí pápá lọ́jọ́ Sátidé kí ẹ wò ó. Ẹni tí irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n ni wọ́n ní kó máa fi èjìká kọlu ẹni tí ohùn rẹ̀ kò tíì ki. Bọ́ọ̀lù rọ́bà líle sì ni wọ́n ń jù. Láti oṣù kìn-ín-ní 2022 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọmọkùnrin wọ ohun ìdáàbòbò àyà, nítorí bọ́ọ̀lù tó bá ba ọmọ láyà lásìkò tí kò yẹ lè dá ọkàn rẹ̀ dúró. Wọ́n mọ èyí, síbẹ̀ wọ́n ń kó ọmọ ọdún 15 mọ́ ọmọ ọdún 13.

Àwa ọmọ Nàìjíríà sì ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí! Ní 1989, FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kò bára mu. Nígbà tí ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wáyé nílé wa ní 2009, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò láti mọ ọjọ́ orí wọn. Mi ò sọ pé wọn ò jàre. Ṣùgbọ́n ní Baltimore kò sẹ́ni tó ń yí ìwé ọjọ́ orí. Owó ni wọ́n fi ń ra ọdún.

Ta ló sì rí ọdún rà? Bí ọmọ ilé ìwé ìjọba bá ti yege, wọ́n á gbé e lọ síwájú ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dúró ní láti gbé e lọ sí ilé ìwé aládàáni, àwọn ńláńlá inú wọn lágbègbè yìí sì ń gba ju 30,000 dọ́là lọ lọ́dún. A ò tíì ka owó kílọ́ọ̀bù, owó hòtẹ́ẹ̀lì, akoto, ìbọ̀wọ́ àti ọ̀pá. Kí ni wọ́n ń lé? Títí di 2025, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 12.6 péré ni yunifásítì Division I, ìpele tó ga jù nínú eré ìdárayá yunifásítì, lè pín fún odindi ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, ẹgbẹ́ tó sábà máa ń ju ogójì ènìyàn lọ. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gboyè ní Morgan State, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Baltimore, láìmọ̀ pé ilé ìwé náà ní ẹgbẹ́ lacrosse láti 1970 sí 1981. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì na yunifásítì Washington and Lee ní 1975. Kò sẹ́ni tó ra ọdún fún wọn.

Kí àwọn ọ̀gá má sọ pé ọwọ́ àwọn ò ká a. Ní 2017, nígbà tí àwọn kóòṣì yunifásítì ti ń ṣèlérí àyè fún ọmọ kíláàsì kẹsàn-án, NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá yunifásítì, fòfin dè é: kóòṣì kò gbọdọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún tí ọmọ bá wọ kíláàsì kọkànlá. USA Lacrosse, àjọ tó ń ṣàkóso eré yìí ní Amẹ́ríkà, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Sparks níbí, ti fi ọjọ́ orí pín àwọn ọmọdé nínú ìlànà rẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje tí wọ́n sì ń kó owó wa ni kò kà á sí.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kí gbogbo ìdíje fi ọjọ́ ìbí pín àwọn ọmọ, kí ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án jẹ́ ààlà. Kí wọ́n yẹ ìwé ọjọ́ ìbí wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà ìforúkọsílẹ̀, kí wọ́n sì so ó mọ́ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ọmọ náà, kóòṣì má baà máa gbé fáìlì kiri pápá. Ẹgbẹ́ tó bá ki àgbà bọ àárín ọmọdé, kí ó pàdánù gbogbo eré ọjọ́ náà, kí wọ́n má sì dá owó rẹ̀ padà. Ẹni tó bá wù láti tún kíláàsì kà, kó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣùgbọ́n àwọn ojúgbà rẹ̀ ni kó máa bá gbá. Ní ti girama, òfin ilé ìwé ìjọba Maryland gba ẹni tí kò bá tíì pé 19 ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ láàyè. Mo fara mọ́ ìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ni wọ́n máa ń dá padà sẹ́yìn láìṣẹ̀.

Kí káńtì wa, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ra ọ̀pá àti akoto sí àwọn ilé ìwé ìjọba. Kí àwọn kílọ́ọ̀bù sì jẹ́ kí àwọn ọmọ sinmi nígbà òtútù.

Ọmọ mi kò ní tún kíláàsì kankan kà. Kí ìdíje oṣù kẹfà tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó ń gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ wa sọ fún wa: ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n fẹ́ kó wá bá ọmọ ọdún 13 wa nínú pápá?

Bàbá ọlọ́mọ kan,
Randallstown, Maryland