Òǹkà àwọn aláìníṣẹ́: ẹ jẹ́ ká béèrè ìyókù ìlànà náà

Sí Olóòtú,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ kú iṣẹ́ takuntakun. Níbikíbi tí àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Àbújá bá ti péjọ, ìbáà jẹ́ ìpàdé ẹgbẹ́ tàbí lẹ́yìn ìsìn, tí ẹnì kan bá ti mẹ́nu ba iye àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé ńṣe ni ìjọba jókòó, tí wọ́n hun irọ́ jọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. N kò sì gbà pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ ti parí síbi tí ìjọba fi í sí.

Àjọ tó ń rí sí ètò ìṣirò ní Nàìjíríà, NBS, kéde nínú oṣù Kẹta ọdún 2021 pé ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wá iṣẹ́ ni kò rí iṣẹ́ ṣe ní ìparí ọdún 2020. Lẹ́yìn ìyẹn, a kò gbọ́ òǹkà mìíràn lẹ́nu wọn títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n wá sọ pé ìdá 4.1 ni fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún méjì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á ni wọ́n yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ aláìníṣẹ́, ṣùgbọ́n ní báyìí, wákàtí kan péré tí èèyàn bá fi ṣiṣẹ́ nítorí owó tàbí èrè láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò nínú wọn. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò iṣẹ́ láti káàkiri àgbáyé fọwọ́ sí ní ìpàdé wọn kọkàndínlógún, èyí tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, pè ní Geneva lọ́dún 2013, ni NBS tẹ̀ lé. Bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá ń lo òṣùwọ̀n tirẹ̀, kò sí bí a ṣe lè fi Nàìjíríà wé Gánà tàbí Bẹ̀nẹ̀.

Mo wà nílé aládùúgbò mi kan ní Mararaba nígbà tí òṣìṣẹ́ obìnrin kan wọlé tòun ti tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ láti wá ṣe ìwádìí. Ọmọkùnrin aládùúgbò mi, tó ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, dá a lóhùn pé òun kò níṣẹ́. Obìnrin náà kò dúró síbẹ̀. Ó bi í bóyá ó ti ṣe ohunkóhun tó mówó wọlé láti ọjọ́ méje sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí kan. Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ní òun bá wọn já sìmẹ́ńtì sílẹ̀ níbi ilé kan lọ́jọ́bọ̀, wọ́n sì fún òun ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Ojú ẹsẹ̀ ló di ẹni tó níṣẹ́. Inú bàbá rẹ̀ kò dùn rárá, mo sì rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ṣì béèrè ọ̀rọ̀ kan sí i: ṣé ó wù ú kó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé ṣé ó ṣetán? Ọmọ náà fèsì pé bó jẹ́ òní, òun ti ṣetán.

Ìdáhùn kejì yẹn náà ní ibi tó ń lọ. Òun ni wọ́n fi ń mọ iye àwọn tó níṣẹ́ ṣùgbọ́n tí wákàtí iṣẹ́ wọn kò tó wọn. Nínú ìròyìn kan náà tí ìdá 4.1 ti jáde, NBS sọ pé ìdá 12.2 nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló wà nípò yìí, àti pé ìdá 92.6 nínú gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tí kò ní àkọsílẹ̀ lábẹ́ òfin, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì fún wọn. Òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Mararaba yẹn. Ẹyọ kan ni gbogbo ayé gbọ́.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí wọn kò sí nínú èyíkéyìí. Ìlànà 2013 náà sọ pé àgbẹ̀ tó jẹ́ pé oúnjẹ ilé rẹ̀ ló ń dáko fún jù lọ kì í ṣe ẹni tó níṣẹ́ ní ti òǹkà yìí, àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní Kuje àti Abaji àti káàkiri ilẹ̀ Àríwá. Bákan náà ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kì í sanwó fún, bí kò ṣe oúnjẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Apo, ẹ ó bá wọn níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nítorí pé wọn kì í ṣe ẹni tó ń wá iṣẹ́, wọn kò sí nínú àwọn aláìníṣẹ́ pẹ̀lú. Ìlànà náà kò ní ká gbàgbé wọn o. Ó ní ká kà wọ́n lọ́tọ̀, ká sì gbé iye wọn jáde. Bí a bá mú wákàtí kan, tí a fi apá yìí sílẹ̀, a kò tíì tẹ̀ lé ìlànà.

Àdéhùn 160 ti ILO lórí ìṣirò ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tó jáde lọ́dún 1985, tilẹ̀ gbòòrò ju ọ̀rọ̀ àìríṣẹ́ṣe lọ. Ó kan owó iṣẹ́ àti wákàtí iṣẹ́, iye tí ọjà ń gorí sí, ìyanṣẹ́lódì, àti àwọn tó fara pa tàbí tó ṣàìsàn nítorí iṣẹ́ wọn. Ti ìfarapa yìí ló ń dùn mí jù. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti wà nílẹ̀, ó sì pa á láṣẹ fún agbanisíṣẹ́ láti fi ìjàm̀bá tó ṣẹlẹ̀ tó ìjọba létí. Síbẹ̀, bí lébìrà kan bá já bọ́ láti orí ilé alájà ní Lugbe, tí ọ̀gá rẹ̀ sì dákẹ́, wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà yóò wọ inú òǹkà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán kò ní sí nínú ìwé kankan.

Ta ni yóò wá máa ṣọ́ ìjọba? Orílẹ̀-èdè tó bá buwọ́ lu àdéhùn ILO gbọ́dọ̀ máa fi ìròyìn ránṣẹ́ nípa bó ṣe ń tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ àwọn amòfin kan ló sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n á béèrè ohun tó bá kù. Òfin tó gbé ILO kalẹ̀ tún sọ pé kí ìjọba fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ agbanisíṣẹ́ ní ẹ̀dà ìròyìn bẹ́ẹ̀, kí àwọn náà lè sọ tẹnu wọn. Àdéhùn 160 fúnra rẹ̀ ní kí a fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n kí a tó yí ọ̀nà kíkà padà. Láti ọdún 1960 ni Nàìjíríà ti wà nínú ILO, nítorí náà NLC àti TUC tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́, àti NECA tó jẹ́ ti agbanisíṣẹ́, mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Ó yẹ kí wọ́n máa bá NBS jókòó lórí ọ̀rọ̀ òǹkà bí wọ́n ṣe ń bá ìjọba jókòó lórí owó oṣù tó kéré jù lọ, torí pé òǹkà yìí ni wọn yóò gbé lọ síbi ìjíròrò náà.

Nígbà mìíràn tí NBS bá gbé ìròyìn jáde, mo bẹ̀ yín kí ẹ tẹ òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dárúkọ pa pọ̀ lójú ìwé kan náà, kí ẹ sì kọ oṣù tí ìwádìí náà jẹ́ àti oṣù tó jáde sí abẹ́ rẹ̀. Kí akọ̀ròyìn yín ní Àbújá sì bi ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ léèrè ibi tí iye àwọn tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá wà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Nyanya, Àbújá.