Kì í ṣe èdè ló so Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Amẹ́ríkà

Ọ̀gbẹ́ni Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yín pé ohun tó mú kí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà máa ṣe bí ìbejì lórí ọ̀rọ̀ ogun ni pé èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ìran kan náà sì ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó bá Amẹ́ríkà ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì nígbà ogun Hitler. Ogun parí tán, ní 1946, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin McMahon, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn àṣírí náà mọ́ gbogbo àjèjì, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ti ọ̀nà omi Suez ní Íjíbítì, ní 1956, tún burú ju ìyẹn lọ. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kọlu Íjíbítì láì sọ fún Eisenhower, ààrẹ Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà kò yìnbọn kankan. Ìgbà tí àwọn èèyàn ń ta pọ́n-ùn, owó Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni da omi nù ni wọ́n kọ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì rí owó yá lọ́dọ̀ IMF, ogun náà sì dúró ní 6 November. Èdè kan náà ni wọ́n fi bá ara wọn jà.

Ohun tó ṣí ilẹ̀kùn padà ni pé Gẹ̀ẹ́sì dá tiẹ̀ ṣe. Ní October 1952, wọ́n dán bọ́ǹbù átọ́míìkì tiwọn wò létíkun Australia. Ní November 1957, wọ́n dán bọ́ǹbù háídrójìn wò nítòsí erékùṣù Christmas ní Òkun Pàsífíìkì. Oṣù kan ṣáájú ìyẹn ni Rọ́ṣíà gbé Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́, lọ sójú òfurufú, tí àyà Amẹ́ríkà sì já. Ní 3 July 1958, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn láti máa fún ara wọn ní ìmọ̀ àti èròjà bọ́ǹbù. Wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun láti ìgbà dé ìgbà, títí di 2024 tí wọ́n yọ ọjọ́ ìparí kúrò nínú rẹ̀ pátápátá.

Ẹ wo Trident, mísáìlì tó ń gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì Gẹ̀ẹ́sì láti abẹ́ omi. Ọkọ̀ abẹ́ omi mẹ́rin ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún un: Vanguard, Victorious, Vigilant àti Vengeance. Faslane ní Scotland ni ibùdó wọn, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń wà lójú òkun nígbà gbogbo. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló kan ọkọ̀ náà, òun náà ló ń ṣe bọ́ǹbù tó ń gun orí mísáìlì, ní Aldermaston. Ṣùgbọ́n mísáìlì gan-an, ọwọ́ Lockheed Martin ní Amẹ́ríkà ló ti ń wá, ilé ìṣúra kan ṣoṣo sì ni wọ́n kó ti orílẹ̀-èdè méjèèjì sí, ní Kings Bay ní ìpínlẹ̀ Georgia. Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀tọ́ sí iye kan níbẹ̀, kò ní mísáìlì kan pàtó tó lè pè ní tèmi. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní ilé àtúnṣe, á lọ sí Kings Bay lọ gba mísáìlì, á padà sí Coulport nítòsí Faslane, níbẹ̀ ni wọ́n ti máa fi bọ́ǹbù dé e lórí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́, tí wọ́n ń sọ pé Washington ló di kọ́kọ́rọ́ mú. Rárá o. Olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n yìn ín. Àtúnṣe ni ìdè tó wà níbẹ̀. Bí Amẹ́ríkà bá bínú lónìí, mísáìlì náà kò ní kú lọ́la. Yóò kàn máa gbó díẹ̀díẹ̀ láìsí ilé iṣẹ́ tí wọ́n máa gbé e lọ. Kódà ìtòsí Florida ni wọ́n ti ń dán an wò, ìgbà méjì tí wọ́n sì dán an wò kẹ́yìn, ní 2016 àti January 2024, ó kùnà.

Kí wá ni Amẹ́ríkà ń rí gbà? Ilẹ̀ ni, àti etí. Rédà tó wà ní Fylingdales ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣọ́ mísáìlì Rọ́ṣíà láti 1963. Láti March 1946 ni wọ́n ti jọ ń pín ohun tí wọ́n bá gbọ́ lórí rédíò àwọn ẹlòmíràn. Ti Diego Garcia, erékùṣù kan tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Òkun Íńdíà, ló kan èèyàn lọ́kàn jù. Ní Nassau, ní December 1962, Kennedy gbà láti ta Polaris, mísáìlì tó ṣáájú Trident, fún Macmillan, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Amẹ́ríkà wá fẹ́ fi erékùṣù náà ṣe ibùdó ogun ní 1966, kò ka owó ilẹ̀ sílẹ̀. Ó dín mílíọ̀nù 14 dọ́là kù nínú owó Polaris, wọn kò sì sọ fún ilé aṣòfin méjèèjì. Láàárín 1968 sí 1973, wọ́n kó gbogbo ará Chagos, ìyẹn àwọn erékùṣù tí Diego Garcia wà lára wọn, kúrò nílé. Ní 22 May 2025, Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i láti dá àwọn erékùṣù náà padà fún Mauritius, kó sì máa háyà ibùdó Diego Garcia fún ọdún 99, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 101 pọ́n-ùn lọ́dún. Nínú àdéhùn yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni ayálégbé, Amẹ́ríkà ló ń gbé inú ilé.

Wọ́n ń jà o. Wilson, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò rán ọmọ ogun kankan lọ bá Amẹ́ríkà jà ní Vietnam. Ní 1983, Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà, kó ogun wọ erékùṣù Grenada, níbi tí Ọbabìnrin Elizabeth ti jẹ́ olórí, láì gba àṣẹ London. Kò sí èyí tó mú kí wọ́n gba Polaris padà.

Àwa náà ti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Àdéhùn ààbò tí Nàìjíríà bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe nígbà òmìnira gba ọkọ̀ òfurufú ogun wọn láyè láti kọjá lórí ilẹ̀ wa, kó sì balẹ̀. Ní November 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn lọ fẹ̀hónú hàn nílé aṣòfin l'Ékòó. Nígbà tó di January 1962, wọ́n ti fagi lé àdéhùn náà. Lójú tèmi, ohun tí a ń rí gbà nínú rẹ̀ kò tó ohun tí a fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan ló fi dúró.

Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi tuntun tí Gẹ̀ẹ́sì ń kàn báyìí, Dreadnought, ihò mísáìlì 12 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì ló jọ ya àwòrán àwọn ihò náà, òun kan náà ni Amẹ́ríkà sì ń fi sínú ọkọ̀ Columbia tiẹ̀. Bí àwọn olórí wọn bá tún bú ara wọn, kí àwọn akọ̀ròyìn yín bá wa béèrè bí iṣẹ́ àwọn ihò yẹn ṣe ń lọ sí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn