Ẹ̀yin ọmọ tó ń ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n, ìfọ́tí yìí ti pọ̀ jù

Ẹ̀yin ọmọ mi, tọkùnrin tobìnrin,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó dátà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré orí tẹlifíṣọ̀n ni mo dìídì kọ lẹ́tà yìí sí, àtẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é, àtẹ̀yin tí ẹ ń wò ó lórí fóònù títí ilẹ̀ fi ń mọ́. N kò wá bá yín jà. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ọmọbìnrin kan kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́wọ́ mi níbí, n'Ìbàdàn. Ọwọ́ rẹ̀ dáa. Bó bá gbé ọrùn bùbá, ẹ ò ní rí ojú òwú. Ó lọ sílé ọkọ. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi wá kí mi lálẹ́ ọjọ́ kan, tòun ti gíláàsì dúdú lójú. Mo ní kó yọ ọ́. Nígbà tí mo rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo ní kí ló kù tó ń dúró ṣe níbẹ̀? Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú sí i. Kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n ti fi nǹkan mú un ni. Bí mo bá fara dà á, ojú rẹ̀ á là." Mo ní ta ló fi nǹkan mú un? Ó ní òun ò tí ì mọ obìnrin náà, àmọ́ òun mọ̀ pé obìnrin kan wà nídìí ẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Kò rí obìnrin kankan. Kò gbọ́ òórùn obìnrin lára aṣọ. Ó ṣáà mọ̀ pé obìnrin kan gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí nínú gbogbo eré tó ti ń wò látìgbà tó ti gbọ́njú. Ọkọ á lu ìyàwó, á da ẹrù rẹ̀ síta nínú òjò, tọmọtọmọ. Bó bá di apá tó gbẹ̀yìn, wọ́n á ní àlè ló fún un jẹ, tàbí ìyá rẹ̀ ló dè é mọ́lẹ̀. Wòlíì á da omi lé e lórí. Á sín lẹ́ẹ̀kan, á wojú yíká, á ní, "Níbo ni mo wà yìí? Ìyàwó mi dà?" Ìyàwó á sáré wá dì mọ́ ọn. Orin á gba ẹnu wọn.

Etí òsì ọmọ yẹn ò gbọ́ràn mọ́ báyìí. Dókítà ní awọ inú rẹ̀ ti fà ya. Nínú eré tiyín, ìfọ́tí kì í fọ́ etí. Ó kàn máa ń dún ni, ẹ tilẹ̀ tún máa ń fi ẹ̀rọ kún dídún rẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn: pé ọmọ ẹnì kan á kú síbi tó ti ń dúró de apá tó gbẹ̀yìn.

Ẹ má wò ó pé ìyá àgbà kan ló ń sọ ohun tí kò mọ̀dí. Ọmọdé ni mí nígbà tí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn yìí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Nígbà tí mo dàgbà, mo ṣiṣẹ́ nídìí aṣọ eré nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan. Nínú yàrá aṣọ wa, bùbá àdìrẹ kan wà tí mo máa ń fi òwú tín-ín-rín tákì apá ọ̀tún rẹ̀, kó lè rọrùn fún ọkọ láti fà ya. Bí wọ́n bá ti gba eré sílẹ̀ tán, èmi náà ni n óò tún un tákì fún obìnrin tí wọ́n máa lù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bùbá yẹn ò sinmi. Ojú abẹ́rẹ́ ti pọ̀ lára èjìká rẹ̀ débi pé mo ní láti fi aṣọ mìíràn gbè é lábẹ́.

Àpò ìdọ̀họ kan tún wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí a fi yíǹkì kọ "WÈRÈ" sí lára. Àkísà, agolo, ìrépé ẹní, wíìgì tí eérú ti kún. Obìnrin ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ wà fún: àlè tó gbọkọ olọ́kọ, ìyá ọkọ tó ṣe ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè aṣọ wèrè fún ọkọ tó lé ìyàwó jáde rí. Agbádá ni wọ́n máa ń wá gbà fún òun, nítorí ọjọ́ tí eré bá fẹ́ parí, òun ló máa jókòó síwájú níbi ìsọmọlórúkọ. Mo bi olùdarí kan léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí ọkùnrin náà ò fi lè ya wèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Àǹtí, àwọn òǹwòran ò ní gbà."

Ta ló ti ní kí wọ́n gbà á wò?

Ẹ wo Village Headmaster tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1968, èyí tí olóògbé Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀. Gbogbo ìlú Ọjà inú eré yẹn ló ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Olóyè Ẹlẹ́yinmí gan-an, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Àmọ́ Amẹ́bọ̀ tí Ìbídùn Allison ṣe ni orúkọ rẹ̀ di èébú káàkiri Nàìjíríà títí dòní. Nígbà tí Super Story dé lọ́dún 2001, Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe Toyin Tomato, àlè tó gbọkọ olọ́kọ, débi pé àwọn ọmọdé ò mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n lè pè é. Iṣẹ́ ọmọ náà dára o, ẹ má ṣì mí gbọ́, ó mọ iṣẹ́ yẹn dénú egungun. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò lọ́dọ̀ aya àtọmọ ńkọ́? Mi ò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ tirẹ̀ bú ọkùnrin lójú títì.

Kò mọ sọ́dọ̀ tiwa náà. Láyé NTA, ìgbà tí àwọn eré Mẹ́síkò ń wọlé, gbogbo wa la mọ Mariana tí wọ́n ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀ nínú The Rich Also Cry. Látọdún 2015 tí Zee World, ìkànnì eré Íńdíà, ti dé, àwọn ọmọ ọmọ mi ò tún mọ ibòmíì. Bí ìyá ọkọ bá bú ìyàwó, kámẹ́rà á sún mọ́ ojú ẹni kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, gbàm, gbàm, gbàm, títí kan ti ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbé tíì dání. Ìyàwó á tún wá gbààwẹ̀ láti àárọ̀ títí òṣùpá á fi yọ, kí ẹ̀mí ọkọ tó ń lù ú lè gùn. Èmi náà máa ń wò ó. Ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí wọ́n dá nìkan wò ó. Bí mo bá wà níbẹ̀, n óò bi wọ́n pé, "Ta ló ṣẹ̀ nínú èyí?" Ọmọkùnrin àárín wọn dá mi lóhùn pé, "Ìyàwó ni, ó ti gbó ọkọ ẹ̀ lẹ́nu." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Ẹ bá mi bi í, níbo ló ti kọ́ ọ? Bàbá rẹ̀ kì í gbé ọwọ́ sókè sí ìyá rẹ̀.

Ẹ gbà mí o! Oògùn yìí ti pọ̀ jù! Ṣé kò sí ọkùnrin kan ṣoṣo nílẹ̀ Yorùbá tó ń hùwà ìkà nítorí pé ìkà ni? Gbogbo wọn náà ni wọ́n fún jẹ? Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ kàwé, ẹ ní kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, ẹ wá lọ kó ọ̀rọ̀ tí àwọn bàbá ńlá yín fi ń gba ara wọn sílẹ̀ láàárín agbo ẹbí, ẹ fún ọkọ nínú eré. Ẹni tí oògùn ń lò, ta ni ó mú un? Bó bá là lójú lápá tó gbẹ̀yìn, ẹ̀wọ̀n wo ló lọ? Ibi tí èyí ń gbé wa lọ lẹ rí lára ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi yẹn.

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 lòdì sí ìwà ipá sọ pé ẹni tó bá lu ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 jura, tàbí kó san 200,000 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2007. Ṣé ẹ ti rí i nínú eré rí? Bí wúrà ìyá ọkọ bá sọnù, ọlọ́pàá á dé kí ìpolówó ọjà tó parí. Bí eyín ìyàwó bá yọ, pásítọ̀ la ó rí.

Ohun mìíràn tó ń bí mi nínú ni àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ tó máa ń wá lé opó jáde pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ pé kò bí ọkùnrin. Ibo lẹ ti rí ìyẹn ní ìdílé Yorùbá? Ìdí-igi la fi ń pín ogún: bí ìyàwó tó bímọ bá jẹ́ mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta ni, ọmọbìnrin sì ń gba tirẹ̀. Láti ayé òyìnbó amúnisìn ni ilé ẹjọ́ l'Ékòó ti ń fìdí ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin sí ogún ilé múlẹ̀. Opó fúnra rẹ̀ ni àṣà ò fún ní nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ fi ṣe eré, ẹ ò fọwọ́ kàn án.

Mo tún rántí ìyá mi. Aṣọ ni ìyá mi ń tà ní Gbági àtijọ́. Bàbá mi gbé ìyàwó míì wálé, àwọn méjèèjì sì jà, wọ́n jà gan-an, nítorí ilé ìdáná, nítorí ẹni tó máa kọ́kọ́ pọnmi. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yìí náà ni wọ́n jọ ń dá àjọ. Bí ọ̀kan bá kó tirẹ̀, èkejì á bá a gbé e lọ ra ọjà, torí obìnrin kan ò gbọ́dọ̀ dá gbé owó bẹ́ẹ̀ rìn. Nígbà tí àìsàn dá ìyá mi wólẹ̀, ìyàwó kejì ló ń wẹ̀ ẹ́. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó sì ń bú u, pé òun ti sọ fún un kó yé jẹ iyọ̀ púpọ̀. Ìyá mi á ní, "Máa wẹ̀ mí lọ, ìwọ alẹ́nu gígùn." Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Irú obìnrin wo nìyẹn nínú eré yín? Àjẹ́ ni àbí ẹni mímọ́? Èwo nínú wọn ni kí n gbé àpò wèrè fún?

Ẹ tilẹ̀ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde wa. Oníṣòwò tó ń fún àwọn jagunjagun Ìbàdàn ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn, tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀, tí wọ́n sì pa òun náà lọ́dún 1874. Bí mo bá bi yín ta ni, ẹ ó ní ìkà obìnrin.

Àwa arúgbó pàápàá ò bọ́. Lẹ́yìn tí mo ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, ojú mi ṣì pọ́n, ọmọ kékeré kan nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá wò mí, ó nawọ́, ó ní, "Ìyá àjẹ́." Ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí títí a fi bọ́ọ́lẹ̀. Mi ò bínú sọ́mọ. Ó mọ ibi tó ti rí mi.

Ó ṣeé ṣe o. Amaka Igwe, tó kú lọ́dún 2014, gbé Ann Haatrope kalẹ̀ nínú eré tẹlifíṣọ̀n Checkmate ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990: obìnrin tó ń jà nítorí iléeṣẹ́ bàbá rẹ̀, tó ń bínú, tó ń ṣìṣe, tó ń fẹ́ràn èèyàn. Ego Boyo ló ṣe é. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe é, títì máa ń dá. Àwọn òǹwòran tí wọ́n ní kò ní gbà, ta wá ni gbogbo àwọn yẹn?

Ìwọ ọmọkùnrin tó ń tẹ ẹ̀rín sábẹ́ fídíò ìfọ́tí, mo rí ọ. Jọ̀ọ́, ṣíwọ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń sọ pé kọ́mọ padà lọ bẹ ọkọ, ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi kọ́ èmi náà, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ: ẹ ṣílẹ̀kùn fún un kẹ́ ẹ tó bi í léèrè ohun tó ṣe. Ìwọ ọmọbìnrin, ìfọ́tí àkọ́kọ́ ni kí o sọ fún èèyàn, má dúró de ìkejì. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi nǹkan mú un lóòótọ́, kó lọ gba ìwòsàn nílé bàbá rẹ̀. Ìwọ kọ́ ni oògùn.

Ọmọ kan tó ń ṣe tíátà wá bá mi lóṣù tó kọjá pé wọ́n fẹ́ fún òun ní ipa ìyàwó kan tí wọ́n máa lù látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣé kóun gbà á. Mi ò ní kó má gbà á. Owó ilé ń dúró dè é. Mo ní kó bi òǹkọ̀wé ní ìbéèrè méjì péré: iṣẹ́ wo ni obìnrin yẹn ń ṣe, ta sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀? Bí òǹkọ̀wé bá lè dáhùn, kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n kọ ìran méjì kún un, ọ̀kan níbi iṣẹ́, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Bí òǹkọ̀wé ò bá lè dáhùn, kí ọmọ náà fi owó kún iye tó pè, kó sì gba ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọṣọ.

Èmi ni ìyá yín,
aránṣọ ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.