Má Fi Ooru Ara Yẹn Ṣeré

Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ìnàró ni mo sì ti kà á tán. O ní ooru ń ru sójú rẹ lójijì, ìgbẹ́ gbuuru ò sì fi ọ́ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, àmọ́ wọ́n ní nǹkan oṣù rẹ ló fẹ́ dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí n tètè mú bírò.

Ohun tí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ọdún mẹ́rin gbáko. O rántí wọn nínú ìsọ̀ aṣọ l'Ọ́jà Ọba. Ojú àti àyà wọn á kàn gbóná bí ẹni ń yáná, òógùn ò sì ní jáde. Ooru nǹkan oṣù tó ń dúró sábà máa ń mú òógùn wá. Gbígbẹ ni tiwọn. Ara dúdú kì í sì í sábà fi pípọ́n hàn. Kò sẹ́ni tó béèrè. Ọkùnrin kan tá a bá pàdé ní ọsibítù ní àìsàn kan náà. Lọ́jọ́ tó ṣàlàyé ooru rẹ̀ ni wọ́n ti kọ àyẹ̀wò fún un. Inú ṣì ń bí mi.

Kókó inú ìfun kékeré ni, wọ́n ń pè é ní neuroendocrine. Ó ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ serotonin sínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti ràn dé ẹ̀dọ̀ ni ooru àti ìgbẹ́ gbuuru sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi ti débẹ̀. Abẹ́rẹ́ octreotide ni wọ́n ń gbà lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ara ti ń tù wọ́n. Púpọ̀ nínú kókó yìí kì í yára dàgbà, àwọn obìnrin tó ní i sì sábà máa ń pẹ́ láyé ju ọkùnrin lọ. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá dé orí fluorouracil, oògùn kan tí wọ́n fi ń bá jẹjẹrẹ jà, ara obìnrin kì í tètè lé e jáde bíi ti ọkùnrin, ìnira rẹ̀ a sì pọ̀ lára wa.

Jọ̀ọ́, ní kí wọ́n fi ìtọ̀ wákàtí 24 yẹ̀ ọ́ wò fún àmì serotonin yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, má fẹnu kan ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀-òyìnbó tàbí tòmátì, torí wọ́n lè da èsì rú. Mo mọ bí o ṣe fẹ́ràn dòdò tó, ṣáà fara dà á.

Pè mí lọ́jọ́ tí èsì bá jáde, ìbáà ṣe òru.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti kíláàsì kìíní