Ta ni ìkòkò rẹ̀ fọ́? Lẹ́tà sí ọmọ mi tó ń ṣe ìwádìí àlàáfíà

Òkè-Baálẹ̀,
Òṣogbo.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Ìbàdàn. Ìwé ìbéèrè tí o fi ránṣẹ́ pé kí n bá ọ wo Yorùbá inú rẹ̀ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Yorùbá inú rẹ̀ dára, àmì ohùn díẹ̀ ni mo tún ṣe. Ohun tí ó mú mi jókòó ti lẹ́tà yìí ni ìbéèrè kìíní, níbi tí o ti bi àwọn ará ìlú pé, "Ǹjẹ́ ìjà ti wáyé ní àdúgbò yín láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn?", tí o sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ẹni tí ó bá dáhùn pé "rárá" ni kí a kà sí ẹni tí ó wà ní àlàáfíà. Ní ìgbà kan rí, n kò ní rí àléébù kankan nínú ìbéèrè yẹn, nítorí ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀, iṣẹ́ mi sì ni láti máa kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹjọ́ ti parí.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún ọ nínú àwọn ẹjọ́ náà. Ìdílé méjì ni wọ́n jọ ní ààlà oko kòkó, wọ́n sì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Adájọ́ dá ẹjọ́, wọ́n ri òpó sí ojú ààlà, ẹni tí ó jẹ̀bi san owó, èmi fúnra mi ni mo sì fi bírò pupa fa ìlà sí ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó yọ àdá sí ẹnì kejì mọ́. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo bá wọn lọ sìnkú ní abúlé yẹn, mo sì rí àwọn obìnrin ilé kan tí wọ́n ń rin ọ̀nà jíjìn lọ pọn omi lódò, bẹ́ẹ̀ kànga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, nítorí pé ọwọ́ ilé kejì ni kànga náà bọ́ sí lẹ́yìn ìdájọ́. Wọn kì í dé ibi ìsọmọlórúkọ ara wọn. Ọmọ kan tí a kò tíì bí nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́ fi ìka hàn mí ilé tí òun kò gbọdọ̀ jẹun níbẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe náà, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni ó ń bá wí.

Ìwọ ni o kọ́kọ́ dárúkọ Johan Galtung fún mi, ará Norway tí ó dá ilé ìwádìí àlàáfíà sílẹ̀ ní Oslo ní 1959. Ìwọ náà ni o ṣàlàyé fún mi pé ó ya àlàáfíà tí kò ju kí ìbọn dákẹ́ lọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ìrẹ́jẹ ti kúrò nílẹ̀, àti pé ní 1969 ó kọ̀wé pé ìwà ipá lè wà nínú ètò ìlú fúnra rẹ̀, bí ó ti ń rí nígbà tí àìsàn tí ó ní oògùn bá ń pa àwọn kan nítorí bí a ti pín ohun ayé, láìsí ẹnì kan pàtó tí a lè sọ pé òun ni ó pa wọ́n. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí ọ̀mọ̀wé náà ń ṣàlàyé wà lẹ́nu wa láràárọ̀. Bí mo bá bi aládùúgbò mi pé, "Ṣé àlàáfíà ni?", kì í ṣe pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni yìnbọn lóru àná. Ara rẹ̀ ni mo ń béèrè, àti ìyàwó, àti ọmọ, àti ọjà, àti àtijẹ àtimu. Inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ọ̀rọ̀ ìlera ni níbẹ̀, a kò sì tíì sọ ìlera inú rẹ̀ nù. Nígbà tí ìwé rẹ bá wá lo "àlàáfíà" fún àìsí ìjà nìkan, o ti gé ọ̀rọ̀ wa kúrú kí o tó kúrò nílé. Ohun tí o ń wọ̀n ni bí ìlú ti tòrò tó. A máa ń sọ pé ìlú tòrò, a sì máa ń sọ pé omi tòrò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pọn omi rí mọ̀ pé ẹrẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ omi tí ó tòrò, tí ó ń dúró de ẹsẹ̀ ẹni tí yóò rú u.

Wo Kírìjì. Ní 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, ní 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn jagunjagun tó tú bùdó ká. Akọ̀wé bí èmi ì bá ti fa ìlà pupa sí ìdí 1886. Nínú ìwé àdéhùn kan náà ni wọ́n ti sọ pé kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà nílẹ̀ Ifẹ̀. Ní 1909 ni wọ́n tú wọn ká, wọ́n sì padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ìjà bẹ́ ní 1981, ó tún bẹ́ ní 1997, èyí tí kò rọlẹ̀ títí di 2000, ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ tí àgbẹ̀ ń san lórí ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò fìdí kalẹ̀ sí sì wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ìwé ìbéèrè rẹ lọ síbẹ̀ ní 1990 yóò kọ "rárá, rárá, rárá", yóò sì fi ìdùnnú padà sí Ìbàdàn. Èwo ni ká tilẹ̀ lọ jìnnà sí? Ní Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹrin-Ọ̀ṣun, tí a lè fi ọ̀kadà dé láti ilé yìí, o rí i bí ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé nítorí ìjà ilẹ̀. Òfin kónílé-ó-gbélé lè pa ojú títì mọ́, kò lè sọ ẹni tí ó ni oko.

Síbẹ̀, má ṣe rò pé mo ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ìdákẹ́jẹ́. Kí a tó bí ọ ni ìyá rẹ gba àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n sá kúrò ní Modákẹ́kẹ́ sínú yàrá méjì tí à ń gbé nígbà náà, ohun tí wọ́n sì ń bẹ Ọlọ́run fún kò ju òru kan ṣoṣo tí wọn kò ní gbọ́ ìró ìbọn. Ẹni tí ó bá sọ fún wọn lọ́jọ́ náà pé ìyẹn kì í ṣe àlàáfíà tòótọ́, ìyà kò tíì jẹ ẹ́ rí ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o má kó wọn dúró síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ rẹ fẹ́ nọ́ńbà. Ìwé tí wọ́n fi ń to orílẹ̀-èdè 163 lẹ́sẹẹsẹ lórí àlàáfíà, tí ó ń lo òṣùwọ̀n 23, wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ fi ilẹ̀ kan wé òmíràn, ṣùgbọ́n kò lè rí kànga abúlé yẹn. Àwọn olùwádìí kan, Roger Mac Ginty àti Pamina Firchow lára wọn, gba ọ̀nà mìíràn ní Ùgáńdà, Zimbabwe, Gúúsù Sùdáànì àti Gúúsù Áfíríkà: wọ́n bi àwọn ará àdúgbò pé kí ni àwọn fúnra wọn fi ń mọ̀ pé ìbàlẹ̀ ọkàn wà, ohun tí wọ́n sì sọ ni wọ́n sọ di òṣùwọ̀n. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ kí o tọ̀. Bi ìyá aláta bóyá ó ń tajà fún ẹni tí ó ti ìhà kejì wá, àti bóyá ó ń ta àwìn fún un, torí owó ọwọ́ kò ní kí ènìyàn fọkàn tán ara wọn, àwìn ni. Má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu baálẹ̀ àti àwọn olóyè. Mo ti bá wọn jókòó nínú ìpàdé ìlàjà tí a ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n ti pín fìlà àti owó ọkọ̀, tí a ya fọ́tò ìfọwọ́bọwọ́, tí kò sì sí ẹnì kan níbẹ̀ tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀.

Mùsùlùmí ni mí, o mọ̀ pé n kì í bọ odò, ṣùgbọ́n ìtàn ìlú tí a bí ọ sí máa ń wá sí mi lọ́kàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní Lárooyè àti Tìmẹ́hìn, àwọn tí wọ́n tẹ Òṣogbo dó, ń ṣán igbó létí omi, igi wó sínú odò, ohùn Ọ̀ṣun tí ó ni odò náà sì ké láti inú omi pé, "Oṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo ìkòkò aró mi ni ẹ ti fọ́ tán." Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, ó sì sọ ohun tí ó fọ́, kí àdéhùn kankan tó wáyé. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ sì ṣí kúrò létí odò lọ sí òkè. Wọn kò ní kí ó gbàgbé ìkòkò. Àdéhùn ẹ̀ẹ̀kan sì kọ́ ni, nítorí ní Oṣù Kẹjọ ọdọọdún ni Àtaója, ọba ìlú wa, àti arugbá, ọmọbìnrin tí ó ń ru igbá Ọ̀ṣun, tún máa ń padà lọ sínú igbó náà, èyí tí UNESCO kọ mọ́ ohun-ìní àgbáyé ní 2005. Nítorí náà, pa ìbéèrè kìíní rẹ rẹ́, kí o fi èyí rọ́pò rẹ̀: "Kí ni ó fọ́ lọ́wọ́ yín, ta ni ó sì ti gbà pé òun ni ó fọ́ ọ?" Jẹ́ kí àyè ìdáhùn rẹ̀ gùn.

Bí o bá ń bọ̀ ní Sátidé, fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀ ní Ìbàdàn, mú ìwé òfìfo dání. Mo ti bá ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí wọ́n ń pọn omi lódò nígbà náà sọ̀rọ̀. Ó ti di arúgbó báyìí, ó ní òun yóò sọ̀rọ̀ bí a kò bá gbé fóònù sí iwájú òun láti gba ohùn òun sílẹ̀. Mo ti bá ọ ṣèlérí fún un. Ìyá rẹ ní kí o má jẹun lọ́nà.

Èmi ni bàbá rẹ.