Ẹ Bá Ọmọ Yín Sọ̀rọ̀: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Òbí Tuntun ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tọ́mọ lọ́wọ́, láti Tákìé dé Sábó, títí kan ẹ̀yin tí ẹ gba yàrá kan sí ìtòsí yunifásítì LAUTECH, mo kí yín. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọlọ́run yóò bá wa dá wọn sí.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ló mú mi kọ̀wé yìí. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó mọ A, B, C dé Z lórin, ó ń pè é bí òyìnbó inú fóònù ṣe ń pè é gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè sọ pé, "Màmá, òùngbẹ ń gbẹ mí." Aṣọ ìyá rẹ̀ ni yóò máa fà, á máa ké. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀, kì í bojú wẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan iná lọ, bátìrì fóònù kú, ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í forí gbá ògiri. Ìyá rẹ̀ sunkún wá bá mi, ó ní, "Màmá, ṣé wọ́n ń ṣe ọmọ mi ni?"

Ó ti fẹ́ máa wá wòlíì kiri. Mo ní kó sinmi ná. Ilé ìwòsàn la kọ́kọ́ gbà lọ, kí wọ́n yẹ etí ọmọ wò, torí ọmọ tí etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa, ó lè pẹ́ kó tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Etí rẹ̀ ò ní nǹkan kan. Dókítà ò tíì sọ pé ohun báyìí ló ń ṣe é, wọ́n ṣì ń wò ó, nítorí ohun tó ń mú kí ọ̀rọ̀ ọmọ pẹ́ kò jẹ́ ọ̀kan. Àmọ́ ìbéèrè tí wọ́n bi ìyá rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi: "Ta ló máa ń bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́?" Kò rí ẹnì kankan dárúkọ. Ṣọ́ọ̀bù ni òun ń jókòó sí, bàbá ọmọ ń wa ọkọ̀ lọ sí Èkó, fóònù ni wọ́n fi ń mú ọmọ dákẹ́ kí oníbàárà má bàa bínú lọ.

Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí, torí kì í ṣe ọmọ kan péré. Mo ń jókòó níwájú ilé, mo ń rí fóònù lọ́wọ́ ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ tí a pọ̀n! Ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ti ń gbọ́ bí a ṣe ń kíni, bí a ṣe ń nájà, bí a ṣe ń dáni lóhùn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ọmọ bá ní "bà-bà-bà", tí a dá a lóhùn, òun náà á tún wí. Àwòrán inú fóònù kì í dá ọmọ lóhùn. Ó lè pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò mọ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀.

Nígbà tiwa, kò sí iná mànàmáná lágbo ilé wa. Ìyá bàbá mi kì í ṣa ẹ̀wà lóun nìkan. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ á dà á sórí àtẹ, àwa ọmọdé á yí i ká. "Ààlọ́ o!" "Ààlọ̀!" "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ẹ̀wà kúkú wà níwájú wa! Síbẹ̀ àbúrò mi obìnrin, tó kéré jù nínú wa, á mú hóró kan, á gbé e súnmọ́ ojú, á wo dúdú tó wà lára rẹ̀ pẹ́, kó tó pariwo pé, "Ẹ̀wà ni!" Gbogbo ìgbà ló máa ń yà á lẹ́nu. Ẹni tó bá rí òkúta á sọ àwọ̀ rẹ̀, á kà á mọ́ èyí tí a ti ṣà tẹ́lẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n ń kọ́ wa, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ́ wa; ẹ̀wà ni àwa rò pé a ń ṣà. Bí òṣùpá bá yọ, ó di bojúbojú. Tó bá di àárọ̀, oríkì ni màmá fi ń jí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í pe ti Àjàní mọ́ Àkànní. Nígbà tí èmi náà di olùkọ́ ìwé kìíní, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń mọ ọmọ tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nílé. Á béèrè nǹkan.

(Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má fi hóró ẹ̀wà sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Imú ni yóò kì í bọ̀, tàbí kó há a lọ́fun. Ìdérí ìkòkò àti ṣíbí onígi ti tó o.)

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ lọ́dún 2019: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, wọn ò fẹ́ kí ọmọ ọdún kan náà wò ó, láti ọmọ ọdún méjì dé mẹ́rin, kó má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, bó bá sì dín bẹ́ẹ̀, ó dára jù.

Ẹ ó ní, "Màmá, iṣẹ́ pọ̀." Iṣẹ́ ò pọ̀ fún àwọn ìyá wa tó ń yan gàrí ni? Kí ló wá dé tí ọmú wà lẹ́nu ọmọ, tí ojú ìyá wà lórí WhatsApp? Kí lẹ ń wá níbẹ̀ gan-an? Ọmọ ń wá ojú yín, ẹ ò rí i! Ẹ̀yin bàbá ńkọ́? Ẹ ti ibi iṣẹ́ dé, ó di ìdí bọ́ọ̀lù òyìnbó, ọmọ dúró tì yín bí àlejò.

Mi ò ní kí ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀. Inú iṣẹ́ náà ni kí ẹ ti máa bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, ẹ dárúkọ ọwọ́, ẹsẹ̀, orúnkún. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ nìkan nídìí bókéètì, omi díẹ̀ tó láti pa ọmọ kékeré. Lásìkò máńgòrò tó ń kún ìlú wa yìí, ẹ jẹ́ kó bá yín fọ̀ ọ́ nínú bàsíà, kó ya pípọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá ń ká aṣọ, kó wá ìbọ̀sẹ̀ méjì tó jọra. Fóònù tó fi ń rí ìyá àgbà rẹ̀ lókèèrè, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, mi ò bá yín jà lórí ìyẹn.

Ọmọ tó pé ọdún kan tí kò pe "bà-bà" tàbí "mà-mà", tí kì í dáhùn orúkọ rẹ̀, tàbí tó pé ọdún méjì tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ bíi "màmá wá", ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára pàápàá, ẹ lè bi nọ́ọ̀sì léèrè.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ yé bú ìyá ọmọ. Ẹni tó ń dá tọ́mọ nínú yàrá kan, tí kò rẹ́ni gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó fi wẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ẹ bá a gbé e. Ìyá tó bá wà nítòsí mi, tí agara ti dá, mo máa ń wà níwájú ilé lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kó gbé ọmọ wá, kó padà lọ fi wákàtí kan sùn.

Èmi ni Ìyá Àgbà yín,
Ògbómọ̀ṣọ́.